Bí A Ṣe Ń Fi Ìwé Atọ́nà Dá Ewéko Ìgbẹ́ Mọ̀ Ní Abẹ́òkúta

Orúkọ tí a ń pe ewé nìkan kò tó láti fi dá a mọ̀. Ewéko tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, Awólọ́wọ̀ ni àwọn mìíràn ń pè é. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó hù ní ìsàlẹ̀ Olúmọ tàbí lẹ́bàá odò Ògùn ní àmọ̀dájú gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń lo ìwé tí àwọn onímọ̀ ewéko kọ.

Ìwé tí a ṣe fún agbègbè wa ni kí ẹ wá. Fún èpò oko àti ti ẹ̀bá ọ̀nà, Handbook of West African Weeds tí IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tẹ̀ jáde ní ọdún 1987 dára púpọ̀ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ìdí ewéko, ẹ má tíì ṣí ìwé. Ẹ wò ó bóyá méjì méjì ni ewé dojú kọ ara wọn lára ẹ̀ka, àbí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ. Ẹ wo etí ewé, ẹ fi rúlà wọn gígùn rẹ̀, ẹ já ọ̀kan kí ẹ mọ̀ bóyá oje funfun yóò jáde, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó tó rọ. Ẹ má tọ́ ohunkóhun wò, ẹ má sì jẹ́ kí oje kan ojú yín.

Nínú ìwé, gbólóhùn méjì méjì tí ó tako ara wọn ni ẹ ó bá pàdé. Èyí tí ó bá ewéko yín mu ni yóò fi nọ́ńbà darí yín sí méjì mìíràn, títí ẹ ó fi kan orúkọ. Ẹ ka méjèèjì tán kí ẹ tó mú ọ̀kan, nítorí ìkánjú níbí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Akíntọ́lá àti imí-eṣú. Bí wọ́n bá ṣì kéré, ewé àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn, wọ́n ní irun, wọ́n sì ń rùn bí a bá rún wọn lọ́wọ́. Irúgbìn ni yóò fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ẹ gbé ẹyọ kan sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó: irun wínníwínní tí atẹ́gùn fi ń gbé e kiri ló wà lórí ti Akíntọ́lá, ṣùgbọ́n ìpẹ́ kékeré márùn-ún tí ẹnu wọn mú ṣóńṣó ló wà lórí ti imí-eṣú. Chromolaena odorata ni ìwé yóò pe ti àkọ́kọ́, Ageratum conyzoides sì ni ìkejì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Akíntọ́lá ń tanná, nítorí náà bí ẹ bá bá a láìní òdòdó, ẹ sàmì sí ibẹ̀ kí ẹ padà wá.

Bí ẹ bá ti rí orúkọ, ẹ ka gbogbo àpèjúwe rẹ̀. Bí ohun kan kò bá bá a mu, ẹ padà sí gbólóhùn tí ẹ ṣiyèméjì lé lórí. Bí iyèméjì bá ṣì kù, ẹ fi ẹ̀ka tí ó ní òdòdó sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e títí yóò fi gbẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí Forest Herbarium, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ewéko gbígbẹ sí ní Ìbàdàn. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti já a, ọjọ́ tí ẹ já a, àti àwọ̀ òdòdó rẹ̀ sára ìwé ìròyìn náà, nítorí àwọ̀ náà yóò ṣí bí ó bá gbẹ.