Ṣé epo octane gíga máa ń jẹ́ kí mọ́tò asáré rin jìnnà sí i? Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n fúnra yín nìyí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò asáré, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán níbi tá a bá ti pàdé: tí mo bá ra epo octane gíga, ṣé epo tí mọ́tò mi ń jẹ máa dín kù? Ẹnì kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, ojú òun ló ṣe, ẹlòmíì á ní irọ́ ni, wọ́n kàn ń gbowó lọ́wọ́ yín lásán ni. Àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́ o, torí irú ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì oníkálukú ló máa sọ bó ṣe máa rí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí epo yẹn ń ṣe níbẹ̀, ká tó wá sọ bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n.

Octane gíga ò sọ pé agbára inú epo pọ̀ jù. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń wọ̀n ni bí epo ṣe lè fara da ooru àti ìfúnpọ̀ tó, kó má lọ gbiná fúnra ẹ̀. Kẹ́míkà olómi méjì ni wọ́n fi ń wé e: isooctane ni wọ́n fún ní 100, heptane ní 0, epo tó bá wá ń ṣe bíi àdàlù isooctane 95 àti heptane 5 ni wọ́n ń pè ní 95, ó parí. Ẹ wo epo E85 tó jẹ́ pé ethanol, ìyẹn ọtí líle, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, octane ẹ̀ ju ti epo 98 lọ, síbẹ̀ lítà tí mọ́tò máa ń jẹ níbẹ̀ máa ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i, torí agbára tó wà nínú lítà ethanol kan ò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bẹntiróòlù lọ. Tó bá jẹ́ octane ló ń fún epo lágbára ni, E85 ì bá ti gbé mọ́tò jìnnà ju gbogbo wọn lọ.

Kẹ́ ẹ tún kíyè sí nọ́ńbà wo ni wọ́n ń lò. Ní Yúróòpù, RON ni wọ́n ń kọ sórí páńpù, ìyẹn octane tí wọ́n wọ̀n nígbà tí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ò le, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà àròpín RON àti MON, tí wọ́n wọ̀n nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀ le, ni, nítorí náà 91 ti Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 95 RON, 93 tiwọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 98. Mo ti rí èèyàn tó ń da epo tí mọ́tò ẹ̀ ò béèrè sí i torí pé ó fi nọ́ńbà ibì kan wé ti ibòmíì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sílíńdà

Púlọ́ọ̀gì máa ń ṣáná kí písítìn tó dé òkè pátápátá, torí iná náà nílò àsìkò díẹ̀ kó tó jó káàkiri. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ ni pé kí agbára iná tó le jù bọ́ sórí písítìn nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sísàlẹ̀, ní bíi dígírì 15 nínú yíyí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn tó kúrò lókè. Tó bá bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ ti rí èrè epo yín gbà. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bí iná ṣe ń jó bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ púlọ́ọ̀gì, ó ń fún epo àti afẹ́fẹ́ tí ò tíì jó pọ̀ sí kọ̀rọ̀, ó ń mú un gbóná, tí epo yẹn ò bá sì lè fara dà á, gbogbo èyí tó kù ní kọ̀rọ̀ á gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó wá gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Òun ni wọ́n ń pè ní knock, ó sì lè lu písítìn jẹ́.

Mọ́tò òde òní kì í jẹ́ kó dé bẹ̀. Knock sensor wà lára ẹ́ńjìnnì, tó bá ti gbọ́ ìró yẹn, ìgbà míì kí ẹ̀yin tó gbọ́ ọ rárá, kọ̀ǹpútà á fa timing, ìyẹn àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń ṣáná, sẹ́yìn ní dígírì mélòó kan, ìró á lọ, ẹ́ńjìnnì á bọ́. Àmọ́ iná ti pẹ́ báyìí, písítìn ti lọ sísàlẹ̀ kí agbára náà tó dé bá a, ooru tó yẹ kó yí táyà á wá gba sàlẹ́ńsà jáde. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, ó tún burú sí i, torí èéfín tó gbóná jù lè jó tọ́bò, kí kọ̀ǹpútà sì lè dáàbò bò ó, ó lè máa da epo kún epo kó fi mú èéfín náà tutù, dípò afẹ́fẹ́ kílò 14.7 sí epo kílò kan á di bíi 12. Epo yẹn ò gbé yín dé ibì kankan, ìtura ló wà fún.

Ẹ ti rí ibi tí owó ń gbà lọ. Epo octane gíga ò fi nǹkan kún mọ́tò yín, ohun tó ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fa ọwọ́ sẹ́yìn. Tí kọ̀ǹpútà ò bá fa ọwọ́ sẹ́yìn tẹ́lẹ̀, kò sí nǹkan tó fẹ́ gbà yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ ṣí ìdérí tánkì

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ṣe pàtàkì ju ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ lọ. Tí wọ́n bá ní dandan ni 95 tàbí 98, ẹ rà á, ẹ má ṣe ìṣirò kankan, torí ẹ́ńjìnnì tó ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an tàbí tí tọ́bò ẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ ni. Tí wọ́n bá kàn ní àwọn dámọ̀ràn ẹ̀, ibẹ̀ ni ìdánwò yìí ti wúlò. Tí wọ́n ò bá béèrè ẹ̀ rárá, ẹ tọ́jú owó yín.

Ẹgbẹ́ onímọ́tò AAA ní Amẹ́ríkà dán èyí wò. Lọ́dún 2016 wọ́n fi premium, ìyẹn epo octane gíga, sínú àwọn mọ́tò tí ò béèrè ẹ̀, wọn ò rí èrè kankan. Lọ́dún 2017 wọ́n wá mú àwọn tí wọ́n dámọ̀ràn ẹ̀ fún, Mustang GT àti Audi A3 wà níbẹ̀, wọ́n sì tẹ tọ́tù le fún wọn dáadáa, epo tí wọ́n rí jèrè jẹ́ 2.7% ní àròpín, Cadillac Escalade ló rí tó pọ̀ jù, 7.1%. Ìyàtọ̀ owó láàárín epo méjèèjì nígbà yẹn ju iye yẹn lọ fíìfíì. Lójú tèmi, àròpín yẹn ni kẹ́ ẹ máa fọkàn sí, ẹ má ronú pé 10% ń bọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n

Ẹ gbàgbé nọ́ńbà orí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó lè fi ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà, ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ sì ń wá ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páńpù ni kẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ wá páńpù kan tẹ́ ẹ máa ń pa dà sí, ẹ dúró sí ojú kan náà, ẹ kún tánkì títí ìbọn páńpù á fi dá dúró lẹ́ẹ̀kọ́kọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá trip, ìyẹn nọ́ńbà tó ń ka kìlómítà tẹ́ ẹ rìn, sí òdo. Kẹ́ ẹ wo atẹ́gùn táyà nígbà tí táyà ṣì tutù, ẹ jẹ́ kó wà bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀nà kan náà, ẹrù kan náà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ epo, ẹ jẹ́ kí tánkì lọ sílẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó kún un, kẹ́ ẹ má sì ka tánkì àkọ́kọ́ yẹn, torí epo àtijọ́ ṣì wà nísàlẹ̀ ẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ò sì tíì kọ́ timing tuntun tán. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lo tánkì bíi mẹ́ta, ẹ pa dà sí epo ti tẹ́lẹ̀ fún mẹ́ta míì. Ìpadàsẹ́yìn yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, òun gan-an ló sì ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá ojú ọjọ́ ló yí pa dà, torí òtútù nìkan lè fi epo kún epo ju ohun tí octane máa yọ kúrò lọ.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Lítà tẹ́ ẹ rà, ẹ fi kìlómítà tẹ́ ẹ rìn pín in, ẹ wá fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá rin 450 tẹ́ ẹ wá kún 49.5, lítà 11 lórí 100 nìyẹn. Ẹ wá fi owó sí i, torí àpò yín ò mọ lítà, owó ló mọ̀. Ká ní lítà epo kékeré, ìyẹn èyí tí octane ẹ̀ kéré, jẹ́ 100, ti octane gíga jẹ́ 115, epo kékeré yẹn ń gbà 1,100 lọ́wọ́ yín lórí 100 kìlómítà, kí tọ̀hún tó lè dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀, mọ́tò gbọ́dọ̀ máa jẹ lítà 9.57 péré, ìyẹn ni pé kó dín ní 13%. Ẹ fi wé 2.7% yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ OBD kékeré tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń sọ, tó sì ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ọ̀nà míì wà tó yá ju kíkún tánkì lọ, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wá òkè kan, ẹ wọ jíà kẹta, ẹ tẹ tọ́tù láti eré kan náà lórí epo méjèèjì, ẹ máa wo timing, àti knock retard, ìyẹn iye dígírì tí kọ̀ǹpútà fà sẹ́yìn torí knock, tí mọ́tò yín bá ń gbé e jáde. Tí retard bá wà ní òdo lórí epo kékeré, tí timing náà ò sì yàtọ̀, kò sí nǹkan tí epo ńlá fẹ́ bá yín ṣe. Tó bá ń fa dígírì mẹ́rin, márùn-ún sẹ́yìn, ìyẹn ti ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó gbóná ni kẹ́ ẹ ṣe é, torí afẹ́fẹ́ tó gbóná ló máa ń fa knock jù, kẹ́ ẹ sì ríbi tí ò sí mọ́tò, kẹ́ ẹ má sáré kọjá òfin.

Ẹ rántí pé tẹ́ ẹ bá ń rọra lọ lójú títì tó tẹ́jú, ẹ́ńjìnnì kì í sún mọ́ knock rárá, 95 àti 98 máa ń rí bákan náà níbẹ̀. Ẹni tó ń tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ tàbí tó ń gun òkè ló máa rí ìyàtọ̀, ẹni yẹn gan-an kì í sì í ṣe ẹni tó ń ṣọ́ epo.

Ọ̀rọ̀ oògùn tó ń fọ ẹ́ńjìnnì náà wà, àwọn kan máa ń ra epo ńlá torí ẹ̀. Lábẹ́ Top Tier, ìlànà kan tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò gbé kalẹ̀ fún epo, gbogbo epo tí iléeṣẹ́ bá ń tà, kékeré àti ńlá, ló gbọ́dọ̀ ní oògùn náà, ẹ ò ní láti sanwó octane kẹ́ ẹ tó rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tún kọ̀ǹpútà mọ́tò yín ṣe ní tiyín, tí wọ́n bá ti ṣe é fún 98, 98 ni o, torí ẹni tó ṣe é lè ti gbé timing àti tọ́bò dé ibi tí fífà sẹ́yìn ò ti ní tó mọ́. Tẹ́ ẹ bá bọ́ síbi tí ò ti sí, ẹ ra díẹ̀ nínú èyí tó ga jù níbẹ̀, ìwọ̀nba tó máa gbé yín dé páńpù míì, ẹ má tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, ẹ wálẹ̀ sí jíà kékeré lórí òkè dípò kẹ́ ẹ máa fipá gùn ún ní jíà ńlá, tẹ́ ẹ bá sì ti rí 98, ẹ fi kún un lójú ẹsẹ̀.