Duodenum: ẹ yé fi ìnṣì méjìlá túmọ̀ ẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka báyọ́lọ́jì àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ nílé, ẹ má sọ fún wọn mọ́ pé ìnṣì méjìlá ni duodenum, ìyẹn apá àkọ́kọ́ ìfun kékeré, níbi tí oúnjẹ ń gbà jáde nínú agbẹ̀du, túmọ̀ sí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni. Méjìlá wà nínú orúkọ yẹn lóòótọ́, àmọ́ ìka ni wọ́n ń kà, ìbú ìka sì ni o, kì í ṣe gígùn ẹ̀. Ẹ to ìka mẹ́wàá yín pọ̀ sórí tábìlì, kẹ́nì kan fi méjì tiẹ̀ kún un, kẹ́ ẹ wá fi rúlà wọ̀n ọ́n, kò ní jìnnà sí sẹ̀ǹtímítà 25, bẹ́ẹ̀ náà ni apá ìfun kékeré yẹn ṣe gùn tó.

Herophilus, dókítà ọmọ Gíríìkì tó ṣiṣẹ́ ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù, òun ló sọ ọ́ ní dodekadaktylon: dodeka ni méjìlá, daktylos ni ìka. Ọ̀rọ̀ yẹn gba ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá kọjá, Gerard ará Cremona ní Ítálì, atúmọ̀ èdè tó kú ní 1187, wá tú u sí Látìnì ní Toledo ní Sípéènì, nígbà tó yá ìka já bọ́ nínú orúkọ, ó wá ku méjìlá nìkan, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ráyè ki ìnṣì bọ̀ ọ́. Àwọn ará Jámánì ò jẹ́ kó já ní tiwọn, Zwölffingerdarm ni wọ́n ń pè é dòní, ìfun oníka méjìlá.

Ẹ má sì gé e sí "duo" àti "denum" kẹ́ ẹ wá ní ìfun méjì ni. Ẹyọ kan ni, ó tẹ̀ bíi lẹ́tà C yí orí pancreas (ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn agbẹ̀du) ká, ibẹ̀ ni omi òróòro ti ń dà mọ́ oúnjẹ.

Kì í tún ṣe agbẹ̀du o! Tí dókítà bá kọ "duodenal ulcer" sí káàdì yín, egbò yẹn ti kọjá agbẹ̀du, ẹ̀bá ọ̀nà àbájáde ẹ̀ ló wà. Ó máa ń dùn mí báwọn èèyàn ṣe ń fi gbogbo ẹ̀ lé ata lórí, nígbà tó jẹ́ pé kòkòrò Helicobacter pylori, tí Barry Marshall àti Robin Warren torí ẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005, àti oògùn ìrora bí ibuprofen ló sábà ń fà á. Ẹ ní kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì kòkòrò yẹn fún yín, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo oògùn ìrora tẹ́ ẹ ń lò fún dókítà.