Bí wọ́n ṣe ń se àgbo doraji ní Kòríà nígbà tí àlẹ́jì bá dé

Láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ní Kòríà, lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi ló máa ń gba inú afẹ́fẹ́ kan. Hwangsa, eruku tí atẹ́gùn ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Mòǹgólíà àti Ṣáínà, á tún bá a pàdé. Ẹni tó ní àlẹ́jì á máa sín ṣáá, imú á máa ṣàn, ọ̀fun á máa yún un. Gbòǹgbò doraji, ewéko olódòdó kan, àti èso bae ni wọ́n sábà máa ń gbé kaná nílé. Doraji yìí kan náà, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní gilgyeong, wà nínú Donguibogam, ìwé ìṣègùn tí Heo Jun, oníṣègùn ààfin ọba, parí ní 1610.

Ẹ wá doraji gbígbẹ bíi gíráàmù 20, bae kan, atalẹ̀ bí ìka kan, èso daechu (jujube lédè òyìnbó) gbígbẹ 5 àti omi lítà 2. Píà ni òyìnbó ń pe bae, àmọ́ kì í ṣe píà tí à ń fi jẹ búrẹ́dì nílé wa o! Ó rí roboto bí ápù, omi kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

Ẹ fọ doraji, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ gé bae, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ má bó o. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, ẹ da omi sí i, kí ẹ gbé e kaná. Ìkòkò amọ̀ tàbí ti gíláàsì ló yẹ. Wọn kì í fi ìkòkò irin se oògùn. Tó bá ti hó, ẹ dín iná kù gan-an, kó máa rọra hó títí omi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ku ìdajì. Ẹ má kánjú níbí: iná ńlá á gbẹ omi kí gbòǹgbò tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Ẹ sẹ́ ẹ. Ó máa ń korò díẹ̀, nítorí náà ẹ fi oyin sí i nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, àmọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oyin. Ife kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́.

Ọ̀fun ni èyí ń tù. Kò lè lé àlẹ́jì lọ. Èyí tí hanuisa, oníṣègùn ìbílẹ̀ tó gbàwé àṣẹ ìjọba, máa ń fún ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣomi ni àgbo tí wọ́n ń pè ní so-cheong-ryong-tang. Mahwang, ewéko kan tó wà nínú rẹ̀, máa ń mú àyà sáré, ó sì ń dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má dá a rà. Tí èémí bá ń há tàbí tí ètè bá wú, ẹ gbé ìkòkò sílẹ̀, ilé ìwòsàn lẹ̀ ń lọ.