Ọjọ́ ta lẹ fẹ́ dá? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí síìkì lífù àjọlò

Ẹni tó bá ń lọ mítìnì yúníọ̀nù yúnífásítì lọ́dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú níbí á ti gbọ́ ọ rí, NASU o, SSANU o, ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́, ẹnì kan á ṣáà dìde pé ká da ọjọ́ síìkì lífù wa, ìyẹn ìsinmi tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ tára ẹ̀ ò yá, pọ̀ sójú kan, kí ẹni tí àìsàn ńlá bá kì mọ́lẹ̀ máa rí mú níbẹ̀, gbogbo ilé á sì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìgbà tá a dé iwájú mánéjìmẹ́ǹtì la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé a ò mọ ohun tá à ń bèèrè.

Èyí tó burú jù nìyí, òun gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ ń kọ̀wé: ẹ má lọ fi ohun tí kì í ṣe tiyín tọrẹ. Gbogbo wa la gbọ́ pé wọ́n ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, òótọ́ ni, láti 1988 ni òfin ti wà fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn pé èèyàn lè fi lífù ẹ̀ ta ẹni tó ń ṣàìsàn lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, annual leave, ìsinmi ọdọọdún, ni wọ́n ń fún ara wọn níbẹ̀, kì í ṣe síìkì lífù. Síìkì lífù tiwọn gan-an, ọjọ́ 13 lọ́dún, èyí tí wọn ò bá lò á wà fún ọdún tó ń bọ̀. Tiwa ńkọ́? Ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba ní ẹni tí wọn ò dá dúró sí ọsibítù, síìkì lífù ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 42 lọ láàárín oṣù 12. Kò gbọdọ̀ jù ni wọ́n wí o, wọn ò ní ọjọ́ 42 kan wà níbì kan tó ń dúró dè ẹ́. Tí ara ẹ bá le koko látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, kò sóhun tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ẹ tó o fẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá kan ní ẹ̀gbẹ́ mánéjìmẹ́ǹtì rọra bi wá pé, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ ta lẹ fẹ́ dá?" Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo fáànù. Annual leave ni kẹ́ ẹ bèèrè pé ká máa dá, ìyẹn ló jẹ́ tiwa.

Ẹ má sì pè é ní èsúsú, bó ti wù kó rọrùn tó lẹ́nu àwa Ìjẹ̀bú tí wọ́n ní a mọ owó í ṣírò. Èsúsú, tó bá kàn ẹ́, wàá kó o. Eléyìí, àdúrà pé kó má kàn ẹ́ lò ń gbà. A pè é ní èsúsú, kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, bàbá kan tó kù díẹ̀ kí wọ́n rìtáyà ti wá bá mi, "Akọ̀wé, tí mo bá dá ọjọ́ 5, ìgbà wo ni mo máa kó tèmi?" Mo ní bàbá, ẹ gbàdúrà kẹ́ ẹ má kó o. Wọ́n wò mí bíi pé mo fẹ́ jẹ wọ́n lówó.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù náà tún wà níbẹ̀. A kọ ọ́ pé kí aláìsàn kọ orúkọ àìsàn ẹ̀ sílẹ̀, kí ìgbìmọ̀ ẹni méje jókòó lé e. Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n kà á, wọ́n yọ awò ojú wọn. "Tó bá jẹ́ ọyàn ni wọ́n fẹ́ gé fún mi ńkọ́? Èèyàn méje láàárọ̀, tó bá fi máa dọ̀sán gbogbo ọjà Òkè-Àjẹ́ á ti gbọ́." Ojú tì mí. Òfin ààbò dátà ti 2023 pàápàá ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn. Kí dókítà kọ iye ọjọ́ tí aláìsàn nílò, ó tán, iye ọjọ́ yẹn nìkan ni kí ìgbìmọ̀ rí.

Àwọn kan á ní mánéjìmẹ́ǹtì ti gbà, ó parí. Kò parí o! Ọjọ́ pẹ́ tí ilé ẹjọ́ lórílẹ̀-èdè yìí ti ń sọ ọ́ pé àdéhùn yúníọ̀nù kì í fi bẹ́ẹ̀ de ọ̀gá iṣẹ́ àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ wọnú ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ẹ bi àwọn ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yúnífásítì, àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2009, ìyanṣẹ́lódì mélòó ló ti bá a rìn, ti 2022 nìkan gba oṣù 8. Tiwa, lọ́jọ́ mítìnì kẹta, aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá, ebi ń pa wá, wọ́n gbé ìkókoré gbígbóná tòun tẹja wọlé, wọ́n sì gbé ìwé lé e. Alága ti mú báírò. Akápò wa ló rí ìlà kan nísàlẹ̀, ṣíbí ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, pé mánéjìmẹ́ǹtì lè dá ètò náà dúró nígbà tó bá wù wọ́n.

Ẹ rántí àwọn tí kọntírátọ̀ gbà síṣẹ́ náà, àwọn tó jẹ́ Labour Act nìkan ni wọ́n gbójú lé, ọjọ́ iṣẹ́ 12 péré lówó ń bẹ fún lọ́dún, pẹ̀lú ìwé dókítà. Àwọn gan-an ló nílò ẹ̀ jù, àwọn la ò sì kọ orúkọ wọn síbì kankan.

A tún ń padà lọ lọ́jọ́ Túsìdeè. Mo ti kìlọ̀ fún wọn, kí kálukú jẹun yó nílé kó tó wá.