Bí mo ṣe wọ̀ sí pensiune ní Gura Humorului

Ìlú kékeré ni Gura Humorului, ní ẹkùn Bucovina lápá àríwá Románíà. Pensiune ni wọ́n ń pe ilé àlejò tí ìdílé kan ń dá ṣe níbẹ̀. Àwọn onílé fúnra wọn ló ń se oúnjẹ, àwọn ló ń tún yàrá ṣe, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó dè yín lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tí ẹ bá ti bá wọn sọ kí ẹ tó dé ló máa jẹ́ kí ibẹ̀ tù yín lára.

Kí n tó sanwó, mo kọ̀wé béèrè bóyá oúnjẹ wà nínú owó yàrá, bóyá wọ́n ń gba káàdì, àti aago tí mo lè wọlé. Mic dejun ni oúnjẹ àárọ̀. Demipensiune ni àárọ̀ pẹ̀lú alẹ́. Demipensiune ni kí ẹ mú, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ láàárọ̀ pé ẹ máa jẹun alẹ́, nítorí iye ẹnu tó wà nílé ni ìyá onílé ń se oúnjẹ fún. Lei, owó Románíà, ni kí ẹ mú dání, ilé mìíràn kì í gba káàdì. Bí ATM bá bi yín bóyá kí òun fi owó orílẹ̀-èdè yín ṣírò rẹ̀, ẹ kọ̀. Iye tó máa fi ṣẹ́ ẹ sábà máa ń wọ́n ju ti báńkì yín lọ.

Ọkọ̀ ojú irin láti Gara de Nord ní Bucharest dé Suceava ń gba nǹkan bíi wákàtí 7. Láti ibẹ̀, ẹ wọ èyí tó ń lọ sí apá Vatra Dornei. Ẹ ṣọ́ra o: ibùdókọ̀ méjì ló ń jẹ́ orúkọ ìlú yìí. Gura Humorului Oraș ló sún mọ́ àárín ìlú, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi aago tí ẹ máa dé ránṣẹ́ sí àwọn onílé ṣáájú.

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bọ́ bàtà. Wọ́n máa fún yín ní sálúbàtà inú ilé. Wọ́n á gba ìwé ìrìnnà yín wò, wọ́n á sì fún yín ní fọ́ọ̀mù. Lórí rẹ̀, ibi Nume ni orúkọ ìdílé ń lọ, orúkọ tiyín ń lọ síbi Prenume. Ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti Nàìjíríà kò ní wọ ojú iná wọn. Ẹ mú adapter ẹlẹ́sẹ̀ róbótó méjì lọ.

Nínú ilé àtijọ́, ààrò onítáìlì tí wọ́n ń pè ní sobă ló ń mú yàrá gbóná nígbà òtútù. Táìlì náà máa ń gbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí igi bá jó tán, ẹ má fi igi kún un kí ẹ tó sùn. Ẹ má sì dé ojú ọ̀nà èéfín nígbà tí ẹyin iná ṣì ń pọ́n: carbon monoxide tó máa tú sínú yàrá kò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ jẹ́ kí onílé bójú tó o.

Oúnjẹ wọn dára púpọ̀. Ciorbă ni ọbẹ̀ olómi tó kan díẹ̀; mămăligă jọ tùwó àgbàdo. Sarmale ni ẹran lílọ̀ àti ìrẹsì tí wọ́n wé sínú ewé kábéèjì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹni tí kì í jẹ ẹ́ lè sọ pé "fără porc", ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ lè wà nínú ìkòkò síbẹ̀. Oúnjẹ "de post" ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù, oúnjẹ ààwẹ̀ àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì, tí kò ní ẹran, wàrà tàbí ẹyin. Bí wọ́n bá gbé țuică wá, ọtí líle ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì Voroneț kò ju nǹkan bíi kìlómítà 5 sí ìlú. Ọdún 1488 ni wọ́n kọ́ ọ, ọdún 1547 ni wọ́n ya àwòrán ara ògiri ìta. Ẹ wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún.

Bó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú lẹ máa lọ, ẹ sanwó kí ẹ sì gba rìsíìtì lálẹ́ Sátidé, torí àwọn onílé lè ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ẹ bá ń gbé ẹrù jáde.