Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ohùn Ẹ̀rọ Orin Ilé Bá Ń Fọ́

Bí ohùn ẹ̀rọ orin ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, sípíkà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi, nítorí pé ibẹ̀ ni etí ti ń gbọ́ ọ. Wọn a tú u dànù, wọn a ra òmíràn lọ́jà, wọn a sì rí i pé bákan náà ni ohùn náà ṣì ń ha. Ara fóònù tàbí ẹ̀rọ CD ni orin ti ń bọ̀, yóò gba inú wáyà, yóò wọ inú ańpilifáyà, ẹ̀rọ tí ń fi agbára kún ohùn, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ sípíkà, kò sì sí ibi tí kò ti lè bàjẹ́ ní gbogbo ọ̀nà yìí. Ẹ má ṣe náwó kí ẹ tó mọ ibi tí àrùn wà.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n kò gba kọ́bọ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ pààrọ̀ wáyà sípíkà ọ̀tún àti ti òsì lẹ́yìn ańpilifáyà, kí ẹ sì tún orin kan náà gbé sí i. Bí ó bá jẹ́ sípíkà tí ó ń fọ́ tẹ́lẹ̀ náà ni ó ṣì ń fọ́, òun tàbí wáyà rẹ̀ ni ó ní àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ohùn fífọ́ náà bá ti bọ́ sí èkejì, ẹ jẹ́ kí sípíkà sinmi. Ẹ dá wáyà wọn padà sí ipò, kí ẹ wá pààrọ̀ ọ̀tún àti òsì níbi tí orin ti ń wọ ańpilifáyà. Bí ó bá tún ṣípò, ẹ̀rọ tí ń gbé orin wá tàbí okùn rẹ̀ ni. Bí kò bá ṣípò, ańpilifáyà ni.

Àṣìṣe tí ó dùn mí jù ni ti àwọn tí ń gbọ́ pé ohùn ń fọ́ tí wọ́n sì tún ń yí i sókè. Wọ́n gbà pé ańpilifáyà kékeré kò lè ṣe sípíkà ńlá ní nǹkan kan. Irọ́ ni. Bí a bá béèrè ju agbára ańpilifáyà lọ, ńṣe ni yóò máa gé orí ìgbì ohùn kúrò bí ẹni fi àdá bẹ́ ẹ, gígé yìí a sì da agbára tí kò yẹ sórí sípíkà kékeré tí ń gbé ohùn tín-ín-rín. Wáyà kọ́ìlì inú rẹ̀, ìyẹn wáyà tí a ká, kò nípọn ju irun orí lọ. Mo ti tú ọ̀kan rí tí kọ́ìlì rẹ̀ dúdú bí èédú, tí òórùn jíjó ṣì wà lára rẹ̀. Fífi kún béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ tí ń dún kíkankíkan, náà ń ṣe irú ìpalára yìí: ẹni tí ó fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ohùn) 10 kún un ti béèrè ìlọ́po 10 agbára níbi ohùn béèsì yẹn, àwọn mìíràn a sì fi kún un lórí fóònù àti lórí ańpilifáyà lẹ́ẹ̀kan náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi sípíkà kún sípíkà lójú kan nítorí ayẹyẹ. Ọ́ọ̀mù ni a fi ń wọn bí sípíkà ti ń dènà iná tó; bí ó bá ti ń kéré sí i ni ẹrù ańpilifáyà ń wúwo sí i. Sípíkà ọ́ọ̀mù 8 méjì tí a so pọ̀, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, di ọ́ọ̀mù 4. Mẹ́rin di ọ́ọ̀mù 2, èyí tí ọ̀pọ̀ ańpilifáyà ilé kò lè gbé. Iye tí ó lè gbé wà lára ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó so ó.

Ẹ má sì ki okùn fóònù tàbí CD bọ ojú ihò tí a kọ «PHONO» sí. Ẹ̀rọ àwo orin alábẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n ṣe é fún, nítorí ohùn tirẹ̀ kéré gan-an. Ohun mìíràn tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé yóò fọ́ yángá.

Bí nọ́bù bá ń ha kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nígbà tí a bá ń yí i, ìdọ̀tí ni. Mo ti rí ẹni tí ó da kẹrosíìnì sí i, òmíràn lo òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, eruku sì wá lẹ̀ mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oògùn ìfọ̀dọ̀tí tí a ń fín sí ojú iná ẹ̀rọ («contact cleaner») ni ó tọ́, nígbà tí iná kò sí lára rẹ̀, kí a sì yí nọ́bù náà lọ-bọ̀ bí ìgbà ogún.

Ní ti awọ sípíkà, ẹ má fi ìka kan ṣoṣo tì í. Ẹ na ìka yíká àárín rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ó lọ tààrà. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń ha inú, kọ́ìlì ti wọ́. Bí ó bá jẹ́ fóòmù etí rẹ̀ ni ó ti rà, fóòmù nìkan ni kí ẹ pààrọ̀, ẹ má sì fi gúlúù tí ń gan bí òkúta lẹ̀ ẹ́.

Ohùn tí ń kùn yunmuyunmu, kódà nígbà tí orin kò sí, yàtọ̀ sí ohùn fífọ́. Ẹ wo iná tí ẹ ń lò, pàápàá bí ó bá jẹ́ ìńfátà olówó pọ́ọ́kú.

Bí ẹ̀rí bá fi hàn pé inú ańpilifáyà ni, ẹ má tú u fúnra yín, nítorí iná lè wà nípamọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe, kí ẹ sì sọ fún un ìhà tí ó ń fọ́ àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ pààrọ̀ wáyà.