Iná sólà tó ṣẹ́ kù lọ́sàn-án: bí ẹ ṣe lè lò ó nílé kó má bàa gba wáyà SBEE jáde

Ní Kétu, bí oòrùn bá ti mú, tí àwọn ọmọ wà níléèwé, tí ìyá ilé ti lọ sọ́jà, páànẹ́lì orí òrùlé á kàn máa mú iná tí ẹnikẹ́ni ò lò jáde. Bí ínfátà yín, ẹ̀rọ tó ń yí iná páànẹ́lì padà sí èyí tí à ń lò nílé, bá jẹ́ irú èyí tó so mọ́ wáyà SBEE, ilé iṣẹ́ iná ilẹ̀ Benin, iná ọ̀hún ò ní dúró dè yín, inú mítà ló máa gbà síta. Kò sì sẹ́ni tó máa san fàràǹ kan fún yín lórí rẹ̀ bí ẹ ò bá ní àdéhùn. Èyí tó tún dunni jù ni pé àwọn mítà àsansílẹ̀ kan wà tí wọn ò mọ iná tó ń wọlé yàtọ̀ sí èyí tó ń jáde. Èyí tó bá ṣáà ti kọjá, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó yín. Pápá sólà Illoulofin lápá Pobẹ̀, tó jẹ́ mẹ́gáwáàtì 25, tí wọ́n ṣí ní 2022, tìtorí kó lè máa tú iná sórí wáyà ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Tiwa tó wà lórí páànù ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iná yín ń jáde

Ẹ mú ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, láàárín aago méjìlá sí méjì ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí bátìrì ti kún, ẹ pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná nílé, kí ẹ wá wo ojú ínfátà níbi tó kọ "Grid" sí, ìyẹn wáyà SBEE. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá wà ní òdo tàbí nítòsí òdo, ara tu yín. Lórí ọ̀pọ̀ ínfátà, bí àmì ìyọkúrò bá wà níwájú nọ́ńbà náà, iná ń jáde nìyẹn.

Ẹ má fi mọ sójú ínfátà nìkan o. Ẹ lọ síbi mítà, ẹ kọ iye kWh (ìwọ̀n iná) tó kù sílẹ̀, ẹ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ ní pípa fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ tó padà lọ wò ó. Bó bá ti dín kù nígbà tí ẹ ò tan nǹkan kan, mítà yín wà lára àwọn tí mo wí.

Àwọn ínfátà kan wà tí wọn ò lè tú iná síta rárá. Wọ́n kàn ń gba iná SBEE wọlé nígbà tí bátìrì bá lọ sílẹ̀ ni. Bí tiyín bá jẹ́ irú ẹ̀, ẹ fo ọ̀rọ̀ kílámpù tó kàn yìí, kí ẹ bọ́ sórí iṣẹ́ ọ̀sán.

Kílámpù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń bà á jẹ́ jù. Kílámpù CT jẹ́ òrùka kékeré tó ń la ẹnu, tí wọ́n fi ń ká wáyà. Òun ló ń sọ fún ínfátà bí iná tó ń wọlé tàbí tó ń jáde ṣe pọ̀ tó, kí ínfátà lè dín ti páànẹ́lì kù kíá. Oníṣẹ́ iná ni kó bá yín fi sí i, lẹ́yìn tó bá ti já bíréékà àgbà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í, kí ẹ sì wo nǹkan mẹ́ta.

Wáyà kan ṣoṣo ni kí kílámpù ká, èyí tí iná wà nínú rẹ̀. Bó bá ká méjèèjì pọ̀, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ á pa ara wọn rẹ́, ínfátà á máa rí òdo títí, iná á sì máa jáde lọ ràì. Èkejì, ẹ̀gbẹ́ mítà ni kó wà, kí wáyà tó pín lọ sí yàrá kankan, nítorí ohun tó bá ti pín ṣáájú rẹ̀, kò ní rí i. Ẹ̀kẹta ni ọfà ara rẹ̀. Àwọn kan ní kó kọjú sí ínfátà, àwọn mìíràn ní kó kọjú sí mítà, torí náà ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ọfà náà tọ̀nà rèé. Ẹ pa suwíìṣì páànẹ́lì, kí ẹ rí i pé bátìrì ò gbé iná wá, kí ẹ wá ki áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tó jẹ́ 1,000 wáàtì bọ iná. Kí "Grid" fi nǹkan bí 1,000 hàn láìsí àmì ìyọkúrò. Bó bá kọ ọ́ pẹ̀lú àmì náà, ẹ yí kílámpù padà.

Ó kù kí ẹ yan ètò tí kò ní jẹ́ kí iná jáde lórí ínfátà. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ: "Zero Export", "Zero Export to CT". Níbi tí ẹ bá ti rí "to Load" lọ́tọ̀, ohun tí wọ́n so mọ́ ẹnu ínfátà gan-an nìkan ni ìyẹn ń bọ́, kì í ṣe gbogbo ilé. Ẹ má sì fi iye iná SBEE tí ínfátà máa gbà wọlé sí òdo pátápátá. Bí áyọ́ọ̀nù bá gbóná tán tó já ara rẹ̀, ínfátà á gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, iná á sì yọ́ jáde láàárín ìyẹn. Bí ẹ bá ní kó máa gba 30 wáàtì wọlé nígbà gbogbo, wákàtí mẹ́wàá jẹ́ 0.3 kWh péré. Mo rò pé owó yẹn tọ́ sí i.

Ẹ gbé iṣẹ́ wá sọ́sàn-án

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Páànẹ́lì mẹ́rin oní 550 wáàtì jẹ́ 2,200, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ooru àti eruku, ẹ jẹ́ ká fojú bu 1,700 lọ́sàn-án gangan. Fíríìjì, fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù lè má ju 400 lọ. Láti aago mẹ́wàá sí mẹ́ta, ohun tó máa ṣẹ́ kù á tó bí 6 kWh. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù oní 5.12 kWh tó ti lọ sílẹ̀ dé ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún láàárọ̀ á gbà tó 4. Ó wá ku 2.

Fífa omi ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń rò, pàápàá ní Kétu tí omi ilẹ̀ jìn. Bẹ́ẹ̀ fífa 1,000 lítà láti mítà 60 ò ju bí 0.4 sí 0.5 kWh lọ. Ẹ kún táǹkì lọ́sàn-án, ó dáa, ṣùgbọ́n kò ní tán ìṣòro. Omi gbígbóná ló ń jẹ iná: mímú 50 lítà láti 27 dé 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì á gba bí 1.9 kWh. Nígbà ọyẹ́, tí gbogbo ilé ń sá fún omi tútù láàárọ̀, omi inú táǹkì ẹ̀rọ omi gbígbóná tí wọ́n wé dáadáa á ṣì gbóná dìgbà yẹn. Ẹni tó ń ta omi dídì, kó jẹ́ kí fírísà rẹ̀ ṣe yìnyín lọ́sàn-án, kó dín in kù lálẹ́.

Bí ínfátà yín bá ní ẹnu "Smart Load", òun ni kí ẹ so ẹ̀rọ omi gbígbóná mọ́. Ẹ ní kó tan bí bátìrì bá dé 95 nínú ọgọ́rùn-ún, kó sì pa bó bá padà sí 80. Bí kò bá ní, ẹ ra suwíìṣì oníaago, kí ẹ fi sí aago méjìlá sí méjì. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè gbé wáàtì ẹ̀rọ náà.

Ní ti bátìrì, ẹ má ṣe jẹ́ kí iná SBEE kún un lóru. Bó bá ti kún kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sáyè fún oòrùn mọ́. Àwọn tó ń lo bátìrì olómi, ẹ má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí gbogbo èyí bá ti ṣe tán tí iná ṣì kù, ẹ jẹ́ kí ínfátà rẹ páànẹ́lì sílẹ̀. Kò ní ba páànẹ́lì jẹ́. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti ra bátìrì kejì torí 1 kWh tó ń ṣòfò lọ́sàn-án. Owó ẹ̀ pọ̀ ju èrè lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ mítà yín, tàbí tí oníṣẹ́ iná bá fọwọ́ kan àpótí bíréékà fún ohunkóhun, ẹ tún áyọ́ọ̀nù kì bọ iná, kí ẹ wo "Grid".